Bí ẹ ṣe lè ka haiku Chiyo-ni kó yé yín, kí ẹ sì fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́

Obìnrin kan jáde láàárọ̀ kùtù, ó fẹ́ fa omi nínú kànga, ó débẹ̀ ló rí i pé òdòdó kan ti ta ìtàkùn lóru, ìtàkùn yẹn ti wé mọ́ korobá tí wọ́n fi ń fami. Tó bá fa korobá yẹn, ìtàkùn á já. Kò fà á. Ó yà sílé aládùúgbò, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n fún òun lómi. Ibẹ̀ ni haiku tó lókìkí jù lọ nínú ti Chiyo-ni, akéwì obìnrin ará Jàpáànì, ti jáde (haiku ni ewì kúkúrú ilẹ̀ Jàpáànì):

asagao ni
tsurube torarete
morai mizu

Mo ti rí èèyàn tó pọ̀ tó ka ewì yìí tí wọ́n ní ṣé ò ju báyìí náà lọ ni, wọ́n sì kọjá lọ. Ó máa ń dùn mí gan-an ni, torí èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó pẹ́ kí n tó padà wá síbẹ̀, ìgbà tí mo sì padà wá mo wá rí i pé gbogbo nǹkan tó yẹ kí n mọ̀ nípa haiku ló wà nínú sílébù mẹ́tàdínlógún yẹn. Torí náà mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe ń kà á fún ẹni tí kò gbọ́ èdè Jàpáànì rárá, lẹ́yìn náà ká wá wo bí a ṣe lè kọ tiwa ní Yorùbá, torí èdè wa bá haiku mu ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ kà

Orúkọ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ torí orúkọ yìí máa ń da èèyàn rú. Ẹ ó rí Chiyo-ni, ẹ ó rí Chiyo-jo, ẹ ó rí Kaga no Chiyo, ẹ ó tún rí Fukuda Chiyo-ni, ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn o. Chiyo lorúkọ rẹ̀, "jo" túmọ̀ sí obìnrin, "ni" ni wọ́n máa ń fi kún orúkọ obìnrin tó bá ti fá irun orí rẹ̀ nítorí ẹ̀sìn Búdà, Kaga sì ni agbègbè tó ti wá. Tí ẹ bá ń wá ewì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi gbogbo orúkọ yẹn wá a lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí ẹ máa rí ò ní jọra.

Ọdún 1703 ni wọ́n bí i ní Mattō, ìlú kékeré kan nítòsí Kanazawa, ìgbà tí ìdílé Maeda ń ṣàkóso Kaga. Lónìí Mattō ti di ara ìlú Hakusan ní ìpínlẹ̀ Ishikawa. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni kó máa lẹ àwòrán àti ìwé ọwọ́ mọ́ pépà àti aṣọ tó nípọn, èyí tí wọ́n máa ń ká jọ tàbí kí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri. Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ yẹn. Lójú tèmi, ọmọ tó dàgbà sílé tí wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn á ti rí i láti kékeré pé ààyè tí wọ́n ò kọ nǹkan kan sí lórí pépà máa ń pọ̀ ju ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí lọ, àti pé ààyè yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ìkọ̀wé náà rẹwà.

Bashō, ọ̀gá tí gbogbo ayé mọ̀ mọ haiku, ti kú ní 1694, ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó bí Chiyo, torí náà ọwọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ní 1719 ọ̀kan lára wọn, Kagami Shikō, dé Mattō, ó rí ọmọbìnrin yìí, ẹni ọdún 17 bí wọ́n ṣe ń kà á níbẹ̀ nígbà yẹn (ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ọdún kan ni wọ́n ti ń pè é), ó sì kọ lẹ́tà pé ọ̀gá ni, pé ìyanu lọmọ náà. Látìgbà yẹn lorúkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀.

Ní 1754 ó fá irun rẹ̀, ó gba orúkọ ẹ̀sìn tó ń jẹ́ Soen. Ẹ má rò pé ó torí ẹ̀ sá fún ayé o, ẹyìn ìgbà yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù lọ dé. Ní 1763, nígbà tí àwọn ikọ̀ ọba Kòríà fẹ́ wá sí Jàpáànì, ìjọba Kaga ní kó kọ ewì tí wọ́n máa fi ta wọ́n lọ́rẹ, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ haiku 21, mẹ́fà sórí ìwé àfikọ́ ògiri, márùndínlógún sórí abẹ̀bẹ̀. Obìnrin o, láyé ìgbà yẹn, láti ìlú kékeré bẹ́ẹ̀. Ní 1764 wọ́n tẹ ìwé ewì rẹ̀ jáde, Chiyo-ni Kushū, haiku 546 ló wà níbẹ̀, ní 1771 èkejì tún jáde, Haikai Matsu no Koe, ó ní 327. Nígbà tí Buson, akéwì ńlá tó tún jẹ́ ayàwòrán, sì kó ewì àwọn obìnrin jọ sínú ìwé kan ní 1774, òun ló ní kó bá òun kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú.

Nǹkan kan kù: nígbà ayé rẹ̀ wọn ò tíì máa pe ewì yìí ní haiku, hokku ni wọ́n ń pè é. Akéwì kan tó ń jẹ́ Masaoka Shiki ló sọ ọ́ di haiku nígbà tí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ń parí lọ. Mo máa pè é ní haiku ṣá, torí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n.

Ẹ kà á sókè, kí ẹ sì fi ìka kà á

Ẹ má fojú nìkan ka haiku. Ẹ la ẹnu, ẹ máa ká ìka yín kò bí sílébù kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde. A-sa-ga-o-ni, márùn-ún. Tsu-ru-be-to-ra-re-te, méje. Mo-ra-i-mi-zu, márùn-ún. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, 5, 7, 5, kì í ṣe pé gbogbo ewì ló pé bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n òun ni ìpìlẹ̀.

Ibí yìí ni inú mi máa ń dùn sí jù. Àwọn tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ haiku máa ń ṣe àríyànjiyàn lórí kíkà yìí títí ni, torí sílébù tiwọn ò dọ́gba, èyí gùn gbọọrọ, èyí kúrú. Tiwa àti ti Jàpáànì sún mọ́ra gan-an. Kọ́ńsónáǹtì kan fáwẹ́ẹ̀lì kan, kọ́ńsónáǹtì kan fáwẹ́ẹ̀lì kan, bẹ́ẹ̀ ni èdè méjèèjì ṣe ń rìn. Fáwẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá fà gùn, méjì ni wọ́n ń kà á: "chō" nínú "chōchō", tó jẹ́ labalábá, cho-o ni, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń ka "àárọ̀" sí à-á-rọ̀, mẹ́ta. "N" tó dá dúró fúnra ẹ̀, ọ̀kan ni wọ́n ń kà á lọ́hùn-ún, ọ̀kan làwa náà ń kà á, ẹ wo "ń lọ", méjì ni, ẹ wo "ńlá", méjì náà ni. Tí ẹ bá ti lè mọ ibi tí àmì ohùn máa ń jókòó sí, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka haiku. Ẹ kàn ṣọ́ra pẹ̀lú "an", "in", "ọn", "un" tó bá tẹ̀ lé kọ́ńsónáǹtì, "kún" ò ju ọ̀kan lọ, kì í ṣe méjì.

Ìdánwò tí mo ṣe ni pé mo gbìyànjú láti gbé ewì kànga yẹn wá sí Yorùbá láì ba kíkà rẹ̀ jẹ́. "Asa" ni òwúrọ̀, "kao" ni ojú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe òdòdó yẹn ní asagao, òwúrọ̀ ló máa ń là, tí oòrùn bá ti mú, ó ti rọ. Mo bá kọ ọ́ báyìí:

Ojú òwúrọ̀
ti wé mọ́ korobá mi:
omi àtọrọ

O-jú-ò-wú-rọ̀, márùn-ún. Ti-wé-mọ́-ko-ro-bá-mi, méje. O-mi-à-tọ-rọ, márùn-ún. Mi ò fi tipátipá há a mọ́bẹ̀, ó kàn wọlé wẹ́rẹ́ ni. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò rí gbé wọlé ni "torarete", torí ohun tó ń sọ ni pé wọ́n gba korobá yẹn lọ́wọ́ òun, òdòdó ló gbà á. Bí ẹni pé òdòdó ló ni ín báyìí.

Ẹ wá ibi tó ti gé

Gbogbo haiku tó dáa ló ní ibì kan tí wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ dúró, bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ lọ tó wá dákẹ́ díẹ̀ kó tó sọ ìyókù. Àwọn ará Jàpáànì ní ọ̀rọ̀ kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n ń pè wọ́n ní kireji, ọ̀rọ̀ tó ń gé nǹkan. Méjì tí ẹ máa rí jù nínú ti Chiyo-ni ni "ya" àti "kana". "Ya" máa ń wà lẹ́yìn ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, bí ìgbà tí a bá ní "labalábá o!", "kana" sì máa ń wà ní ìparí, ó dà bí ẹni mí kanlẹ̀.

Ó ń ṣe pàtàkì o, torí nínú àwọn ìwé tí Chiyo-ni fọwọ́ ara rẹ̀ kọ tó ṣì wà dòní, a rí "asagao ya" dípò "asagao ni". Ẹ wo ìyàtọ̀ tí sílébù kan ṣe. Pẹ̀lú "ni", ìtàn ni: òdòdó gba korobá mi, mo bá lọ tọrọ omi, èyí ló fa ìyẹn. Pẹ̀lú "ya", òdòdó yọ lójijì, ó dá dúró, èèyàn ń wò ó, kò tíì ronú kan korobá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ omi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èmi fẹ́ràn ti "ya". Nínú ti "ni" òdòdó náà ṣẹ̀ wá díẹ̀, nínú ti "ya" kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ ka méjèèjì sókè, ẹ mú èyí tó bá wù yín, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà.

Ti ìdágbére rẹ̀ náà, ibi tó gé sí ni gbogbo ẹwà rẹ̀ wà:

tsuki mo mite
ware wa kono yo wo
kashiku kana

Mo ti rí òṣùpá náà, ó kù kí n kí ayé yìí pé "kashiku". Kashiku yìí ni ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin Jàpáànì fi máa ń parí lẹ́tà, bí ẹni ń sọ pé èmi ni tiyín, ó dìgbà. Obìnrin tó ti kọ nǹkan ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá parí ayé bí ẹni parí lẹ́tà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn mo ní láti gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ mọ àsìkò tó wà

Èyí ò gbọ́dọ̀ gba àkókò yín. Haiku kọ̀ọ̀kan máa ń ní ọ̀rọ̀ kan tó ń sọ ìgbà inú ọdún, kigo ni wọ́n ń pè é, ìwé ńlá wà tí wọ́n to gbogbo wọn sí, tó ń jẹ́ saijiki. Labalábá jẹ́ ti ìgbà ìrúwé. Omi tútù tó ń sun látinú àpáta jẹ́ ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ooru mú. Òṣùpá, ìrẹ̀ tó ń ké àti asagao pàápàá, ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n kà wọ́n sí. Tí ẹ ò bá mọ àsìkò tí ewì wà, ẹ ò ní mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbóná tàbí ó tutù, ẹ ṣáà wò ó kí ẹ tó máa bá kíkà lọ.

Ẹ béèrè ohun tí kò sọ

Tí ẹ bá máa ṣe ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, èyí ni kí ẹ ṣe. Ẹ padà sí ewì kànga. Ṣé ẹ rí i pé kò sọ pé òun fẹ́ràn òdòdó? Kò sọ pé àánú ṣe òun. Kódà kò sọ pé òun ò fa okùn. Ìgbà tó dúró létí kànga tó ń rò ó, ìgbà tó pinnu, ìyẹn ò sí nínú ewì rárá. Ó fún wa ní korobá tí òdòdó gbà, ó fún wa ní omi tí wọ́n tọrọ, àárín méjèèjì, àwa la máa fi ọkàn ara wa dí i. Bó ṣe fi ìtàkùn yẹn sílẹ̀ láì fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ náà ló fi ewì yẹn sílẹ̀ láì fọwọ́ kàn án jù.

Mo mọ̀ pé Masaoka Shiki tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ò fẹ́ràn ewì yìí. Ó ní ọ̀rọ̀ omi títọrọ yẹn jẹ́ àṣejù, pé òdòdó tó wé mọ́ korobá ti tó. Mo bọ̀wọ̀ fún un ṣùgbọ́n mi ò gbà fún un níbí yìí. Tí kò bá sí omi àtọrọ, àwòrán lásán la ó rí, a ò ní rí èèyàn kankan. Omi yẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé ẹnì kan wà tó ṣì gbọ́dọ̀ rí omi lò, tó sì ti gbà láti rìn jìnnà sí i nítorí ìtàkùn.

Ẹ tún wo èyí:

ochiayu ya
hi ni hi ni mizu no
osoroshiki

Ayu ni ẹja odò kan tí kì í sábà gbé ju ọdún kan lọ láyé. Tí ìgbà ìwọ́wé bá dé, ó máa ń bá odò sọ̀ kalẹ̀ lọ yé ẹyin, lẹ́yìn náà ó kú. Ohun tí Chiyo-ni sọ kò ju pé ẹja ayu ń sọ̀ kalẹ̀, ojoojúmọ́ ni omi ń bani lẹ́rù sí i. Ta ni ẹ̀rù ń bà? Ẹja ni àbí ẹni tó dúró létí odò tó ń wò ó? Kò sọ. Mo ti ka ewì yìí láìmọye ìgbà, lọ́jọ́ mìíràn ẹja ni, lọ́jọ́ mìíràn èmi ni.

Tàbí èyí tó dá lórí obìnrin tó kun ètè rẹ̀ pupa tó wá débi omi tó ń sun: "beni saita / kuchi mo wasururu / shimizu kana", ètè tó kùn gan-an ti di ohun ìgbàgbé níwájú omi tó mọ́ gaara. Kò sọ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, kò sọ pé ó tẹ̀ ba ó fẹnu mu ún. Ẹ̀yin lẹ rí i tó tẹ̀ ba. Tàbí èyí tó kọ nígbà tó fá irun tán: ọwọ́ tó máa ń di irun ti wá rí àyè, ó wà nídìí kotatsu, ìyẹn tábìlì kékeré tí wọ́n máa ń gbé iná sábẹ́ rẹ̀ nígbà òtútù, tí wọ́n á da aṣọ tó nípọn bò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tó wúwo bẹ́ẹ̀, ọwọ́ méjì tí kò ríṣẹ́ ṣe mọ́ ló fi sọ ọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí kì í ṣe tirẹ̀

Torí pé ó lókìkí, wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ nǹkan lé e lórí. Haiku kan wà nípa ọmọ tó ń dọdẹ lámilámi, "tonbo tsuri / kyō wa doko made / itta yara", ibo ló tún dọdẹ dé lónìí o. Ìtàn tí wọ́n so mọ́ ọn ni pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló kú tó fi kọ ọ́, gbogbo èèyàn á sì máa sunkún. Kò sí nínú ìwé méjèèjì tí wọ́n tẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, kódà bóyá ó lọ́kọ rí pàápàá, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Òmíràn wà nípa nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, pé mo dìde mo wò ó, mo sùn mo wò ó, nẹ́ẹ̀tì yìí mà tóbi o, wọ́n ní ọkọ rẹ̀ tó kú ló ń rò. Obìnrin mìíràn ló kọ ọ́, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde kí wọ́n tó bí Chiyo-ni.

Mi ò ní kí ẹ má gbádùn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àwọn tí kì í ṣe tirẹ̀ yìí, ìtàn ẹkún ló gbé wọn ró, tí ẹ bá yọ ìtàn kúrò, ewì á fẹ́ ṣubú. Àwọn tirẹ̀ gangan kì í nílò ìtàn. Torí náà tí ẹ bá rí haiku tí wọ́n ní òun ló kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó wà nínú ìwé ti 1764 tàbí ti 1771. Tí kò bá sí níbẹ̀, kì í ṣe pé irọ́ ni dandan, torí àwọn mìíràn wà nínú ìwé àjọkọ àti ohun tó fọwọ́ kọ, ẹ kàn tún béèrè sí i. Tí ẹsẹ̀ yín bá sì gbé yín dé Hakusan lọ́jọ́ kan, ilé haiku tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin Mattō, tẹ́ńpìlì Shōkōji náà wà ní Mattō, níbi tí wọ́n kó àwọn ohun tó jẹ́ tirẹ̀ sí.

Ó wá kù kí ẹ kọ tiyín

Ẹ má jókòó sídìí tábìlì kí ẹ máa wá ọ̀rọ̀ dídùn. Ẹ jáde, tàbí kí ẹ dúró lójú fèrèsé, kí ẹ wo nǹkan kan títí tí ẹ máa fi rí ohun tó ń ṣe tí ẹ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ wo bí Chiyo-ni ṣe wo ìrẹ̀: "tsuki no yo ya / ishi ni dete naku / kirigirisu". Mo gbé e wá báyìí:

Alẹ́ òṣùpá:
ìrẹ̀ ti gun òkúta,
ó bẹ̀rẹ̀ sí ké

Gbogbo wa la ti gbọ́ ìrẹ̀. Mélòó nínú wa ló ti rí i pé torí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá ló ṣe jáde wá sórí òkúta? Ohun tí ojú rí nìyẹn, kì í ṣe ohun tí orí rò.

Tí ẹ bá ti rí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lásán, láì ka sílébù, bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ẹnì kan. Lẹ́yìn náà ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹ yọ "bí", ẹ yọ "gẹ́gẹ́ bí", torí Chiyo-ni kì í sábà fi nǹkan wé nǹkan, ó kàn máa gbé méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni. Ẹ yọ "ìbànújẹ́", "ayọ̀", "ìfẹ́", gbogbo orúkọ tí a ń pe ìmọ̀lára. Èyí ló máa nira fún àwa Yorùbá jù torí ewì wa fẹ́ràn kó máa ṣàlàyé, kó máa kì, kó máa tún un sọ, mo sì fẹ́ràn ìyẹn náà tọkàntọkàn, àmọ́ kò sáyè ẹ̀ nínú sílébù mẹ́tàdínlógún.

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí mo pàdánù ìyá mi, ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí:

Ìyá mi dà o,
ọkàn mi gbọgbẹ́ púpọ̀,
omijé ń dà

Kíkà rẹ̀ pé, 5, 7, 5, kò sí àléébù níbẹ̀. Òótọ́ náà ni gbogbo ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́ nípa ìyá ẹnikẹ́ni, mo ka òun fúnra mi lẹ́yìn oṣù méjì, kò ṣe mí bákan. Mo wá bi ara mi pé kí ni mo rí lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kì í ṣe kí ló ṣe mí. Ohun tí mo rí ni bàtà rẹ̀ níwájú ilé, tí kò sẹ́ni tó lè gbé e wọlé, òjò ọjọ́ mẹ́ta sì ti rọ̀ lé e lórí.

Bàtà ìyá mi
wà lẹ́nu ọ̀nà síbẹ̀:
òjò ti kún un

Mi ò sọ pé ẹkún ń gbọ̀n mí. Mi ò sọ pé a ò lè gbé e. Àwọn tó kà á ló sọ ọ́ fún mi. Òjò tó wà níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àsìkò, ẹ lo àsìkò tí ẹ̀yin wà nínú ẹ̀, ẹ má yá ìrì dídì tí ẹ ò fojú rí rí torí pé ẹ rí i nínú ewì Jàpáànì. Ẹ ó sì rí i pé àmì (:) tí mo fi sí ìparí ìlà kejì ló dúró fún kireji, ẹ lè lo ìyẹn, ẹ lè lo "o", bí mo ṣe lò ó nínú èyí tí mo gbé wá látinú ewì rẹ̀ nípa labalábá:

Labalábá o,
kí lo rí lójú àlá
tí ìyẹ́ ń mì?

Ọ̀rọ̀ ohùn kù díẹ̀. Kíkà bá wa mu ṣùgbọ́n Jàpáànì ò ní dò, re, mí bíi tiwa, torí náà ẹ̀bùn kan wà lọ́wọ́ wa tí Chiyo-ni ò ní. Ẹ fetí sí bí ìlà ṣe parí. "Ké" ohùn òkè ni, ewì yẹn ṣí sílẹ̀, ìrẹ̀ ṣì ń ké lọ. "Àtọrọ" parí sí àárín, ó rọra dúró. Tí ewì yín bá péye tí ẹnu ò sì gbà á, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohùn ló ń da á láàmú, ẹ pa ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn dà kí ẹ tún un kà sókè. Àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń wọnú ara wọn tí a bá ń sọ̀rọ̀ kíákíá náà ń kọ́? Ẹ yan ọ̀kan, bóyá bí ẹ ṣe kọ ọ́ ni ẹ máa kà á tàbí bí ẹnu ṣe sọ ọ́, kí ẹ má sì pa á dà láàárín ewì kan. Èmi máa ń ka bí mo ṣe kọ ọ́.

Tí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ fọwọ́ kọ ọ́ sórí pépà, kí ẹ fi ààyè tó pọ̀ sílẹ̀ yí i ká, ẹ kọ ọjọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi pamọ́. Ẹ má ju ti àtijọ́ nù tí ẹ bá pa nǹkan dà nínú rẹ̀, "ni" wà, "ya" náà wà, ìdí tá a fi lè gbé wọn wo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lónìí ni pé àwọn kan tọ́jú àwọn ìwé yẹn. Nígbà tí àsìkò yẹn bá tún yí po lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ gbé e jáde kí ẹ kà á níwájú ohun tí ẹ kọ ọ́ lé lórí, níwájú òjò fúnra rẹ̀, níwájú òdòdó fúnra rẹ̀, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ èyí tó yẹ kí ẹ yọ.